Ọ̀dà nìkan kò lè wo férémù tí iyọ̀ ti jẹ: Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò mọ̀

Láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ṣòwò l'Ékòó, yálà àwọn tó ń gbé èrò lọ sí etíkun Tarkwa Bay àti Ìlàṣẹ ni o, tàbí àwọn tó ń háyà ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí lórí ọ̀sà, kò ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè òkun. Ẹ́ńjìnnì ni ẹni tó fẹ́ rà á máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ara ọkọ̀ ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Férémù tó di gíláàsì iwájú mú kì í sábà wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, àfi ìgbà tí ọ̀dà ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí iná jó, tí ìyẹ̀fun funfun sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á pe péńtà. Péńtà á fi sáńpépà ha ibẹ̀, á kun ún ní ọ̀dà tuntun, férémù á sì máa dán yinrin. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ibi tó wú tẹ́lẹ̀ á tún wú, á sì gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ọ̀dà ti lọ, owó iṣẹ́ ti lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró láìṣiṣẹ́ náà ti lọ, àìsàn ṣì wà lára. Ìdí ni pé kì í ṣe ara ọ̀dà ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe férémù gíláàsì iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà bí irin. Sukúrù tó dì í mọ́ ara ọkọ̀, stainless ni. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó dára ni àwọn méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bá fara kan ara wọn, tí omi iyọ̀ sì bọ́ sáàárín wọn, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi mẹ́táàlì méjì tó yàtọ̀ síra, tí omi iyọ̀ wà láàárín wọn, bátìrì ló dà yẹn. Bí onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ítálì nì, Alessandro Volta, ṣe ṣe bátìrì rẹ̀ tó kéde lọ́dún 1800 nìyẹn: ó to bàbà àti síńkì léra, ó fi ohun tó rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, iná sì ń ṣàn.

Nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́táàlì méjèèjì ló máa ń jìyà, tí á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù àti stainless ni, alumíníọ̀mù ló ń jìyà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí sukúrù ni wíwú náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí sukúrù fúnra rẹ̀ á sì máa dán bíi pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Omi tó ń ta sókè bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, gíláàsì iwájú ló ń gbà á. Oòrùn á fa omi náà gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù. Ọ̀sà Èkó so mọ́ òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ bá dín kù. Iyọ̀ náà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orí sukúrù àti sábẹ́ rọ́bà, níbi tí aṣọ ìnukọ̀ kò lè dé. Ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde níbẹ̀ ni alumíníọ̀mù tó ti jẹ; ó sì máa ń gba àyè ju mẹ́táàlì tó di ìyẹ̀fun náà lọ. Òun ló ń ti ọ̀dà sókè. Bó bá wà láàárín férémù àti gíláàsì, gíláàsì ni yóò máa tì, ó sì lè tì í títí tí á fi là.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1761, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi páànù bàbà bo abẹ́ ọkọ̀ ogun wọn kan tó ń jẹ́ HMS Alarm, kí kòkòrò inú òkun má baà máa jẹ pákó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1763, ọ̀pọ̀ ìṣó onírin tó fara kan bàbà náà ti jẹ bàjẹ́. Àwọn ìṣó kan wà tí nǹkan kan kò ṣe: àwọn tí bébà tí wọ́n fi di páànù náà nígbà tí wọ́n kó o wá ṣì wà láàárín wọn àti bàbà. Bébà lásán ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òun náà ló sì kó wọn yọ. Gbogbo àtúnṣe férémù gíláàsì iwájú, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé: kí mẹ́táàlì méjèèjì má fara kan ara wọn mọ́.

Ẹni tó bá rò pé ẹwà ọkọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn lè pàdánù ju owó ọ̀dà lọ. Ihò tí sukúrù wọ̀ á fẹ̀, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, pákó wà lábẹ́ ibi tí férémù jókòó lé. Pákó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Abẹ́ gíláàsì iwájú náà ni wáyà iná, àwọn aago tó ń ka epo àti ooru ẹ́ńjìnnì, àti ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ sábà máa ń wà. Iṣẹ́ férémù nìkan á wá di iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ oníná àti iṣẹ́ fáíbà. Èyí tó burú jù ni pé gíláàsì tí ìdè rẹ̀ ti dẹ̀ lè já wọlé bí ìgbì bá kọ lù ú, èrò sì wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ń kó èrò lábẹ́ àbójútó àjọ ìjọba àpapọ̀, NIWA, àti ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, tó fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, ó yẹ kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kí ẹnì kan máa fi họ́ọ̀sì da omi tí kò níyọ̀ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kejì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó máa wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Kí wọ́n fi ìdí sukudíráfà kan pákó abẹ́ férémù: èyí tó le á dún kó, èyí tó ti rà kò ní dún bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ etí sukúrù mélòó kan ló wú, tí omi kò tíì wọlé, àtúnṣe kékeré ni. Bí férémù bá ti lu, tí ara rẹ̀ ṣì nípọn níbi tó kù, wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ alumíníọ̀mù lè dí ihò náà. Gbogbo wẹ́dà kọ́ ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́lẹ́ jákèjádò, tó ń ya lọ́wọ́ bíi páálí, òmíràn ni kí wọ́n ṣe. Owó tí wọ́n bá ná lé irú rẹ̀ lórí, inú omi ni wọ́n dà á sí.

Orí títú ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò férémù náà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára ègé kọ̀ọ̀kan. Sukúrù tó ti lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù kì í gbọ́ ti agbára. Bí wọ́n bá fipá yí i, orí rẹ̀ á já. Irú epo tí mẹkáníìkì ń fín sí nọ́ọ̀tì tó há ni wọ́n á fín sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣì ṣagídí, wọ́n á fi dírílì lu orí rẹ̀ kúrò, férémù á bọ́, wọ́n á wá fa ìyókù yọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ gíláàsì kí wọ́n tó gbé iná tàbí òòlù sún mọ́ férémù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha gbogbo ìyẹ̀fun funfun náà títí mẹ́táàlì tó mọ́ á fi hàn. Kí wọ́n má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin lásán, nítorí èérún irin tó bá kù sára alumíníọ̀mù á tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Sáńpépà tàbí búrọ́ọ̀ṣì stainless ló yẹ. Kí ẹni tó ń ha á bo imú àti ẹnu, torí pé ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa, kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, irú bíi ti epoxy, sì wọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo alumíníọ̀mù kété tí atẹ́gùn bá kàn án, bó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni ọ̀dà kò ní dì í mú dáadáa.

Ìgbà tí wọ́n bá ń dà á padà ni àṣìṣe tó ń dá àìsàn náà padà máa ń wáyé. Sukúrù kan kò gbọdọ̀ wọlé ní ìhòòhò. Kí wọ́n fi ọ̀rá ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, bíi Duralac tàbí Tef-Gel, pa ara rẹ̀, kí wọ́n sì fi wásà náílọ́ọ̀nù sábẹ́ orí rẹ̀. Ohun tí bébà ṣe fún ìṣó HMS Alarm ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí etí gíláàsì náà ní tirẹ̀: sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi fínígà máa ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbẹ, ásíìdì náà sì ń jẹ mẹ́táàlì. Èyí tí kò rùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, ni kí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ti là, kí wọ́n gé páálí tó bá àyè rẹ̀ mu lọ bá onígíláàsì. Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le kò ṣeé gé mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Bí ìwọ̀n bá yẹ̀, owó ti wọgbó.

Ní ti ìṣirò, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró lè wọ́n ju ọjà tí wọ́n rà lọ. Bí àpẹẹrẹ, bí ọkọ̀ kan bá ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí péńtà sì ń dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, ìjáde 15 ló ti lọ láàárín ọdún márùn-ún, láìka owó ọ̀dà. Bí wọ́n bá tú u, tí iṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjáde 9 ló lọ. Oṣù kìíní sí oṣù kẹta, lẹ́yìn tí èrò ọdún Kérésì bá ti lọ tí òjò kò sì tíì dé tán, ni àsìkò tó dára fún un, bí wọ́n bá ta tapólì bo ọkọ̀ nítorí eruku ọyẹ́.

Kí àdéhùn pẹ̀lú oníṣẹ́ wà lórí ìwé: pé ó máa tú férémù, pé ó máa ya mẹ́táàlì méjèèjì sọ́tọ̀, àti irú ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù tó máa lò. Kí owó rẹ̀ pín sí mẹ́ta: ìkíní nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ìkejì nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti fojú ara rẹ̀ rí mẹ́táàlì tó mọ́ kí ọ̀dà tó bò ó, ìkẹta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún fi họ́ọ̀sì da omi sí i, tí kò sì sí èyí tó wọlé.

Lẹ́yìn èyí, omi ẹ̀rọ ni oògùn rẹ̀. Garawa kan tí wọ́n bá dà sí gíláàsì iwájú lẹ́yìn ìjáde kọ̀ọ̀kan á fọ iyọ̀ kúrò kó tó ráyè jókòó. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò: etí sukúrù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ọ̀sán kan lè tó láti tú u, láti fọ̀ ọ́, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n sì fi ọ̀rá ìyàsọ́tọ̀ dá a padà lọ́jọ́ kejì.