Báwo ni ẹ ṣe lè yọ àwòrán jáde látinú fídíò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́?

Lóṣù Keje ọdún 2018, fídíò kan gba orí ayélujára kan, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa obìnrin méjì àti ọmọdé méjì. Ìjọba Cameroon kọ́kọ́ ní irọ́ ni.

Ikọ̀ BBC Africa Eye yẹ fídíò náà wò ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi àwọn òkè tó hàn lẹ́yìn wé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, wọ́n sì rí i pé Zelevet, ní àríwá Cameroon, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà, ni. Òjìji àwọn ọmọ ogun náà fi hàn pé láàárín ogúnjọ́ oṣù Kẹta sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 2015 ló ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé rán mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Báwo ni àwòrán ṣe wà nínú fídíò?

Fídíò jẹ́ àwòrán tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, bíi 25 tàbí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò ìṣẹ́jú kan lè ní àwòrán 1,800.

Kí fáìlì má baà tóbi jù, fóònù kì í tọ́jú gbogbo wọn ní odindi. Á tọ́jú ọ̀kan ní odindi, lẹ́yìn náà á tọ́jú kìkì ohun tó yí padà nínú àwọn tó tẹ̀lé e.

Kí ni JPEG ń ṣe?

Àwòrán kan tó jẹ́ 1920 sí 1080 máa ń gba bíi megabyte mẹ́fà tí wọn kò bá fún un pọ̀. JPEG, tó ti wà láti ọdún 1992, máa ń pín in sí ìgún kéékèèké, á yọ ohun tí ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí kúrò, fáìlì náà á sì kéré gan-an.

Àmọ́ ohun tó bá ti lọ kì í padà. Bí wọ́n bá ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí àmì ara aṣọ ológun ṣe ń di bàìbàì. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ wá ẹ̀dà àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ohun kékeré lẹ fẹ́ kà, PNG ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ẹ lè ṣe?

• Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tí pátákó, ilé tàbí òkè ti hàn kedere, kí ẹ ya ojú fóònù yín. Lórí kọ̀ǹpútà, VLC lè yọ ọ́ fún yín.

• Ẹ yọ tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

• Ẹ gbé wọn sórí Google Lens tàbí TinEye. Tí àwòrán náà bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, irọ́ ni wọ́n pa fún yín.

Ẹ rántí pé ọjọ́ tó wà lára fáìlì tí ẹ yọ ni ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Bákan náà, tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò sọ fídíò náà di òótọ́.