Rọ́bà, Ike àti Láílọ́ọ̀nù

Abọ́ ńlá tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ, ‘abọ́ rọ́bà’ ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń bu gààrí sí, ‘láílọ́ọ̀nù’ ni. Bẹ́ẹ̀ abọ́ náà kì í ṣe rọ́bà, àpò náà kò sì jẹ́ láílọ́ọ̀nù rárá: pọ́lítíìnì ni. Láílọ́ọ̀nù tòótọ́ ni okùn tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n; naitrójìn wà nínú tirẹ̀, kò sí nínú ti àpò gààrí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pe abọ́ ní rọ́bà kò jìnnà sí òtítọ́.

Ìdí ni pé ìhun wọn jọra. Nínú oje igi ìrẹ́, èyí tí ilẹ̀ Yorùbá fi ṣòwò gidigidi ní nǹkan bí ọdún 1895, àti nínú ike tí a fi epo rọ̀bì ṣe, átọ̀mù kábọ́ọ̀nù ni ó to tẹ̀lé ara wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Kò sí okùn kankan nínú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó di ìlẹ̀kẹ̀ mú. Nígbà tí Hermann Staudinger, ará Jámánì, kọ èyí ní ọdún 1920, ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ọdún 1953 ni ó tó gba ẹ̀bùn Nobel.

Iná ni ó ń ya irú ike sọ́tọ̀. Òrí a máa yọ́ nínú oòrùn, ilẹ̀ a mọ́, a tún dì. Ẹyin tí a bá sè kò tún di omi mọ́. Pọ́lítíìnì dà bí òrí. Àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ kàn sùn ti ara wọn ni, ooru a sì mú kí wọ́n máa yọ̀ kọjá lára ara wọn. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń yọ́ ní nǹkan bí 110. Ìwọ̀n mẹ́wàá péré ni ó wà láàárín ọ̀rá tí a fi di mọ́ínmọ́ín àti yíyọ́, bí omi bá sì gbẹ nídìí ìkòkò, ó parí. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èròjà kéékèèké tí a máa ń pò mọ́ ike kò so mọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Ooru àti epo lè fà wọ́n jáde sínú oúnjẹ. Ewé eéran sàn jù. Èyí tí ó tún burú ni fífi ike dáná, pàápàá irú èyí tí a fi ń ṣe páìpù omi: klórínì inú rẹ̀ a di ásíìdì nínú èéfín, a sì máa ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Irú kejì ni ti ẹyin. Leo Baekeland ṣe Bakelite ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1907. Ooru ni ó so àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pọ̀ ní ìbú àti òró bí ojú àwọ̀n, nítorí náà ó yẹ fún ọwọ́ ìkòkò. Bákan náà ni Charles Goodyear ti fi imí ọjọ́ àti iná so ẹ̀wọ̀n rọ́bà pọ̀ ní ọdún 1839. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ra abọ́ rọ́bà fífọ́ kiri fi ń rí ẹni lọ̀ ọ́, tí yóò yọ́ ọ, tí yóò sì fi ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n tí oníbàtà tí ó rí ògbólógbòó táyà kò lè ṣe ju kí ó fi ọ̀bẹ gé e ṣe sálúbàtà lọ.