Bí Àwọn Ọnà Èdè Ṣe Gba Orúkọ

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama tó ń gbé ní Thomas Estate, ní Àjáh, kò lè sá fún orúkọ ọnà èdè bí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àsọrégèé àti ìbéèrè pèsìjẹ. Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ti sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan, ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ẹnìkan lè rò pé ayé àwọn baba ńlá wa ni gbogbo orúkọ yìí ti wá. Ẹlòmíràn lè ní ìwé òyìnbó ni wọ́n kàn túmọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ irú ewì ló ti wà tipẹ́. Orúkọ ọnà tó wà nínú ewì náà ni àwọn onímọ̀ jókòó ṣẹ̀dá, láàárín 1956 sí 1990 sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wáyé.

Kí ilé-ìwé tó dé, ohùn ni a fi ń mọ ewì. Ọdẹ ní ìjálá, eléégún ní ẹ̀sà, babaláwo ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ọmọge tó ń lọ ilé ọkọ ń sun ẹkún ìyàwó. Etí tó ń gbọ́ ohùn yìí náà ni àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Ní 1956, E. L. Lásebìkan tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine, lórí bí ohùn ṣe gbé ewì Yorùbá ró. Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Ní 1984, Ọlátúndé Ọlátúnjí fi àbùdá inú ewì ya oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀ sọ́tọ̀. Ìdí tí ohùn fi jọba kò ṣòro láti rí. Sílébù Yorùbá kì í ní kọ́ńsónáǹtì ìparí, fáwẹ́lì àìránmúpè wa kò sì ju méje lọ. Kí òpin ìlà méjì dún bákan náà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá fún akéwì. Ohùn ni ibi tí agbára wà. Ẹ gbọ́ èyí: àgbẹ̀ gbé ọkọ́, awakọ̀ wọ ọkọ̀, ìyàwó ń retí ọkọ. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò, ọnà náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1984 yẹn kan náà ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ orúkọ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni, nítorí ó jẹ́ kí olùkọ́ Èkó àti ti Ìbàdàn lè pe ohun kan ní orúkọ kan. Àmọ́ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìtò bẹ́ẹ̀ máa ń fi ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti lórúkọ fún síwájú, ohùn tí kò sí nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì a sì bọ́ sẹ́yìn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìkọ́ni wa ti ń yà bàrà títí dòní: ọmọ lè to orúkọ ọnà èdè mẹ́wàá láìgbọ́ ohun tí akéwì fi ohùn ṣe.

Àwọn kan á ní àwọn oníjàálá kò mọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, wọ́n sì ń sun ìjálá dáadáa. Òótọ́ ni pé wọn kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Babalọlá fi hàn pé bí oníjàálá kan bá ṣì í sọ, oníjàálá mìíràn tó wà níjòkòó lè dá a dúró kó sì tọ́ ọ sọ́nà lójú agbo. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní òṣùwọ̀n. Àtakò tó le jù ni ti òbí Thomas Estate tí ọmọ rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tó ń béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi irú orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Èmi náà kò ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí olùkọ́ ka ewì sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ kà á tẹ̀ lé e, kí ó tọ́ka sí ibi tí ohùn ti yí padà àti ohun tí ìyípadà náà ṣe sí ìtumọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kọ orúkọ sójú pátákó. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà sì fi ìbéèrè kan kún un: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn sórí ìlà mẹ́rin, kó sì ṣàlàyé ohun tí akéwì fi wọ́n ṣe.