Ta Ló Dárúkọ Ewé Náà?

Ní ọdún 1930, A. F. B. Bridges, òyìnbó kan tó ń bá ìjọba amúnisìn ṣiṣẹ́, dá Nigerian Field Society sílẹ̀. Ọdún kejì ni ìwé àtìgbàdégbà wọn, The Nigerian Field, jáde. Ẹyẹ, ejò, ẹja, igi àti àṣà àwọn èèyàn ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò kú: wọ́n ṣì ń pàdé gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣì ń wọgbó.

Wọn kọ́ ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ìjíròrò ìmọ̀ sílẹ̀. William MacGregor, Gómìnà Èkó, ti dá Lagos Institute sílẹ̀ ní 1901, kí dúdú àti funfun lè jọ máa jíròrò.

Àwọn akẹ́wéjọ, ìyẹn àwọn tó ń kó ewé jọ fún ìmọ̀, náà máa ń wọgbó. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ wọn ni bébà kan ṣoṣo. Wọ́n á já ẹ̀ka tòun ti òdòdó, wọ́n á fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle. Nísàlẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì, ibi tó ti wá, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó já a. Nígbà mìíràn, orúkọ táwa ń pè é náà á wà níbẹ̀: arère, ìrókò, ejìnrìn. Ọdẹ tó ṣáájú òyìnbó wọgbó, tó sì pe orúkọ yẹn fún un ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ tirẹ̀. Nígbà tí apá kìíní ìwé Nigerian Trees jáde ní 1960, orúkọ C. F. A. Onochie, ọmọ Nàìjíríà, wà lára ìwé náà pẹ̀lú ti òyìnbó méjì, Keay àti Stanfield. Ọ̀mọ̀wé ni, kì í ṣe ọdẹ.

Ní Ọ̀jọ́, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) wà láti 1983, àṣà bébà ewé yìí kò tíì yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Òkòkòmáíkò, tó ń ṣèwádìí ewé àtọ̀gbẹ, á yà sọ́jà Ìyànà-Ìbà.

"Màámi, ẹ kú ọjà o. Báwo lẹ ṣe ń lo ejìnrìn yìí?"

Ẹlẹ́wé ọmọ á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gún un àti ìwọ̀n tí wọ́n ń mu, á tún fi èènì sí i. Ewé á gba nọ́ńbà nílé ìpamọ́ ewé. Nínú ìwé ìwádìí, ohun tí wọ́n á kọ kò ju "a rà á lọ́jà" lọ.

Àdéhùn Nagoya ti 2010, tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀, ní kí àwọn tó ni ìmọ̀ ìbílẹ̀ jẹ nínú èrè rẹ̀. Bí oògùn bá tinú ejìnrìn yẹn jáde lọ́la, ìwé wo ni wọ́n máa ṣí kí wọ́n tó rí màmá tó tà á?