Ẹ̀TÙ WO NI Ó YẸ ÌBỌN BABA RẸ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan wá bá mi ní Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Baba rẹ̀, tí ó ṣe ọdẹ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ti re ibi àgbà ń rè, ìbọn ṣakabùlà tí ó fi sílẹ̀ sì wà lára ògiri yàrá. Àwọn ọdẹ ìlú fẹ́ ṣe ìṣípà fún olóògbé, wọ́n sì ti sọ fún ọmọ pé òun ni yóò yin ìbọn náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "irú ẹ̀tù wo ni kí n rà?"

Èmi kì í ṣe ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n baba mi ni mo gbé dàgbà, ọdẹ paraku ni, èmi ni mo sì máa ń gbé àdó ẹ̀tù tẹ̀lé e dé etí oko, níbi tí yóò ti gbà á lọ́wọ́ mi, tí yóò ní kí n padà sílé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀tù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí n tó máa ka ìwé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀tù kan náà ni gbogbo ẹ̀tù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù dúdú àtijọ́, èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní saltpetre ni wọ́n pò pọ̀ di ẹyọ kan. Bí hóró rẹ̀ bá ti tóbi tó ni ó ń sọ bí yóò ti jó. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi a máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sì máa ti ọta lọ láti ìdí ìbọn títí dé ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó kúnná bí àtíkè a máa gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀gbọ́n baba mi fi ní àdó méjì. Inú èyí tí ó tóbi ni ẹ̀tù oníhóró ńlá tí ó ń kì sínú ìbọn wà. Inú kékeré, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ni ti kíkúnná, tí ó ń bù sí ojú ihò tí iná òkúta ń gbà wọlé. Mo ṣi okùn wọn so lọ́jọ́ kan, ìfọ́tí tí mo jẹ kò tíì kúrò létí mi.

Ní ọdún 1884 ni Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe irú ẹ̀tù mìíràn tí kì í rú èéfín púpọ̀, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú katiríìjì òde òní. Irin tí ó nípọn, tí a dìídì ṣe fún un, ni ó lè gbà á. Irin ṣakabùlà, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa tilẹ̀ ń fi páìpù omi ṣe nígbà mìíràn, kò lè gbà á láéláé. Mo ní ìbátan kan tí ó tú katiríìjì nítorí pé ẹ̀tù dúdú wọ́n lọ́jà ní ọdún náà, tí ó sì da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìbọn baba rẹ̀. Ìbọn náà kò dún bí ìbọn. Ó fọ́ yángá ní ìdí. Títí di òní, bí ìbátan mi yìí bá fẹ́ kí ènìyàn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó ń nà; èkejì kì í kúrò nínú àpò.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn tún katiríìjì ìbọn ìléwọ́ kì nínú ilé. Ìbéèrè tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń béèrè níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin Ayépé yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù ti tẹ ìwé jáde fún wọn: ẹ̀tù báyìí fún ọta báyìí, kí ó sì jẹ́ pé ìwọ̀n tí ó kéré jù ni ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ń gba ẹni tuntun níyànjú pé kí ó yan ẹ̀tù tí ó máa ń kún inú katiríìjì dáadáa, kí ó fi lè jẹ́ pé bí ó bá gbàgbé tí ó bù ú lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣàn dànù lójú rẹ̀. Ìwé ni àgbà tiwọn. Ṣakabùlà kò ní ìwé. Inú ìbọn méjì tí alágbẹ̀dẹ kan náà rọ kì í dọ́gba. Ẹni tí ó ti ń yin ìbọn kan láti ọdún pípẹ́ ni ó mọ ẹ̀tù tí ó ń jẹ àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá sì kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ náà ti bá a wọlẹ̀.

Kí ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀kan ni ó jẹ́ kí ṣakabùlà kù sí wa lọ́wọ́. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ pé nítorí pé àwọn Ìjẹ̀bú súnmọ́ etíkun, wọ́n rí ìbọn àti ẹ̀tù gbà lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó ṣáájú àwọn ará òkè; ẹrú ni wọ́n sì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ìbọn yìí wà lára ohun tí ó ṣẹ́ apá àwọn Òwu, tí àdá ni wọ́n gbójú lé. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ṣòwò ẹ̀tù. Ìyálóde Tinúbú ní Abẹ́òkúta àti Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn, àwìn ẹ̀tù tí Ẹfúnṣetán ń ta fún àwọn ológun sì wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn kí wọ́n tó pa á ní 1874. Nígbà tí ogun Kírìjì fi ń lọ, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ń rí ìbọn tuntun tí a ń kì láti ìdí gbà láti Èkó. Ní 1890 ni àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Brussels pé kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ má ṣe wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù ọjà lásán ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù May 1892, wọ́n gbé ìbọn Maxim kọjú sí àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ẹ rò ó wò fúnra yín.

Kí a padà sórí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀tù tí ó dára gbọ́dọ̀ gbẹ, kí hóró rẹ̀ sì dá yàtọ̀ síra wọn. Bí ó bá ti dì bí gààrí tí omi ta sí, omi ti bà á jẹ́, kò sì yẹ kí ènìyàn gbé e súnmọ́ ààrò pé òun fẹ́ yá a gbẹ. Àwọn ọdẹ kì í rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè sọ ibi tí ó ti wá. Wọn kì í kó o jọ púpọ̀ sínú ilé. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa èyí, kí ó rántí Bódìjà ní Ìbàdàn, ní 16 January 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan bú, tí ó pa ènìyàn, tí ó sì wó ilé àwọn aládùúgbò.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ní in gba ìwé àṣẹ. Ọmọ a máa jogún ìbọn, kì í jogún ìwé àṣẹ.

Àwọn kan yóò ní, "Ìró lásán ni a fẹ́, a kò ní fi ọta sí i." Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń jó wọ Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, ìró lásán náà ni. Ṣùgbọ́n àkísà tí a fi dí ẹ̀tù mọ́ ìdí ìbọn lè pa ènìyàn bí ó bá súnmọ́ ọn. Ìfẹ́ ìró ńlá yìí gan-an sì ni ó máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kì í ní àkìjù.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo sì ní kí ó má tíì ra ohunkóhun. A jọ gbé ìbọn náà lọ sí ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ. Bàbá náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀tù rárá. Ó dojú ìbọn kọ ẹ̀yìnkùlé, ó yọ ọ̀pá tí a fi ń kì í, ó tì í bọ ẹnu ìbọn jẹ́jẹ́, ó fi èékánná sàmì sí ibi tí ó wọ̀ ọ́ dé, ó fà á yọ, ó sì wọ̀n ọ́n lára ìbọn náà láti ìta. Ọ̀pá náà kò dé ìdí. Ó kù tó ìbú ọwọ́ kan.

"Baba rẹ kì í sílẹ̀," ni Olúọ́dẹ wí. Ó ní kí wọ́n lọ bu omi wá.