Wọ́n Fi Ipò Kìíní Dù Ú, Ni Wọ́n Bá Gé Fìlà Rẹ̀ Tà!

Nínú ọ̀pọ̀ sinimá kábọ́ọ̀ì àtijọ́, òyìnbó nìkan là ń rí lórí ẹṣin. Bí adúláwọ̀ kan bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, á máa dáná ni, tàbí kó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá. Irọ́ gbuu! Ẹni tó bá fẹ́ rídìí òótọ́ kó lọ sí ìlú Pendleton ní ìpínlẹ̀ Oregon, lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, kó wọ mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Pendleton Round-Up and Happy Canyon Hall of Fame.

Ródíò ni ìlú náà fi ń yangàn. Ìdíje àwọn darandaran ni: wọn á gun ẹṣin alágídí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn òun, wọn á fi okùn mú màlúù, wọn á sì fọwọ́ lásán gbé màlúù ṣánlẹ̀. Ọdún 1910 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀, oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń bọ́ sí.

Ọdún 1911 ni wàhálà dé. Àwọn mẹ́ta ló kù nínú ìdíje ẹṣin alágídí. John Spain, òyìnbó ni. Jackson Sundown, ọmọ ẹ̀yà Nez Perce ni, ìyẹn nínú àwọn tó nilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ẹnì kẹta ni George Fletcher, ọmọ adúláwọ̀ tó dàgbà sí Pendleton, tó sì kọ́ ẹṣin gígùn lọ́dọ̀ àwọn Íńdíánì Umatilla. Fletcher gun ẹṣin débi pé ariwo sọ ní gbogbo pápá. Àwọn adájọ́ la ẹnu, Spain ni wọ́n fún ní ipò kìíní àti gàárì olówó ńlá. Fletcher ṣe ìkejì. Họ́wù! Inú bí èrò ìwòran, òyìnbó tó pọ̀ jù nínú wọn náà bínú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Til Taylor, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà, ṣe. Òyìnbó lòun náà o. Ó gba fìlà Fletcher, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń ta ègé rẹ̀ fún àwọn èrò. Gbogbo owó tó pa, Fletcher ló kó o fún. Àwọn tó mọ ìtàn náà ní owó ọ̀hún ju iye gàárì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ lójú tèmi ó tún dunni. Owó kọ́ ni ipò. Títí dòní, orúkọ Spain ló wà nínú ìwé ọdún 1911. Fletcher lọ sógun àgbáyé kìíní, ó fara pa, ìyẹn ló sì fòpin sí ìdíje rẹ̀. Sundown ní tiẹ̀ padà wá gba ipò kìíní ní 1916, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí wọ́n dá Hall of Fame yìí sílẹ̀ ní 1969, Fletcher wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ó ṣì wà láyé, ó fojú ara rẹ̀ rí i. 1973 ló kú. Ní 2014, wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró láàárín ìlú.

Ohun tó wù mí jù ni pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń ṣe ayẹyẹ náà, ọ̀pọ̀ ò gba kọ́bọ̀. Eré alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Happy Canyon, àwọn ará ìlú àti àwọn Íńdíánì ló ń ṣe é, bàbá á sì máa fi ipa tó ń kó lé ọmọ lọ́wọ́, bí ìdílé àyàn ṣe ń fi ìlù lé ọmọ lọ́wọ́ nílẹ̀ wa. Lọ́jọ́ ródíò, àgọ́ àwọn Íńdíánì nìkan á tó 300.

Nínú mùsíọ́ọ̀mù náà, ẹ ó rí gàárì, fọ́tò àtijọ́, aṣọ awọ onílẹ̀kẹ̀, àti War Paint, ẹṣin burúkú tó gba ẹ̀bùn alágídí jùlọ ní 1956, 1957 àti 1958. Ó ti kú, àmọ́ wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀, ó dúró bí alààyè. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò lápá ibẹ̀, kó sọ fún un pé kó lọ lóṣù kẹsàn-án. Kó má gbàgbé láti kí Fletcher láàárín ìlú.