Epo Tí Ń Gba Inú Iná Kọjá: Ọ̀rọ̀ Ṣéènì Inú Ìléru Àwọn Tí Ń Ṣe Fóònù

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó gbé fóònù létí, tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní òkè òkun sọ̀rọ̀, a máa yin àwọn ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ronú kan ohun èlò náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé kí bọ́ọ̀dù inú fóònù náà tó di ohun tí ń ṣiṣẹ́, ó ti la inú ìléru kọjá, pé ṣéènì irin méjì ni ó gbé e rìn nínú ooru náà, àti pé bí epo tí a fi pa àwọn ṣéènì wọ̀nyí lára kò bá jẹ́ irú èyí tí ó yẹ, gbogbo ọgbọ́n tí a kó sínú bọ́ọ̀dù náà lè di asán láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní Penang ní ilẹ̀ Malaysia, ìléru yìí jẹ́ àpótí irin gígùn tí ẹnu rẹ̀ ṣí ní ìhà méjèèjì. Kí bọ́ọ̀dù tó wọ inú rẹ̀, a ti fi solder, irin tí a ń yọ́ láti fi lẹ ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì pò mọ́ oje tí ń fọ ojú irin, sí gbogbo ibi tí ó yẹ, a sì ti to àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ lé e lórí. Àwọn píìnì kéékèèké tí ó yọ lára ṣéènì ni ó gba bọ́ọ̀dù mú ní etí méjèèjì. Wọn a gbé e gba ibi tí ó lọ́ wọ́rọ́wọ́, wọn a gbé e dé ibi tí solder ti ń yọ́, wọn a sì gbé e jáde síbi tí atẹ́gùn tútù ti ń mú un dì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2006 ni iṣẹ́ ṣéènì náà túbọ̀ le. Ọjọ́ náà ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí ó ka òjé léèwọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ bíi fóònù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Solder àtijọ́, tí ó jẹ́ tánganran àti òjé, a máa yọ́ bí ooru bá dé ìwọ̀n 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi rọ́pò rẹ̀, tí ó jẹ́ tánganran pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀, kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 217, nítorí náà ni ìléru fi ní láti gbóná dé nǹkan bí 240. Èmi kò bá òfin náà jà. Àwa tí a gbọ́ ìròyìn Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé inú erùpẹ̀ ìwakùsà góòlù ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún rọ̀ wá kí a tó gbà pé òjé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹnìkan, orí ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí, epo ṣéènì ni ó sì ru ti èyí.

Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ni ó ni irin, àwọn alágbẹ̀dẹ ọmọ rẹ̀ kò sì ṣàìmọ̀ pé irin kì í gun irin láìsí epo láàárín, kí ọ̀kan má jẹ èkejì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: bí a bá da ọ́ìlì ọkọ̀ lásán sí ṣéènì yìí, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a fò lọ, ìyókù a bá atẹ́gùn dàpọ̀, a kọ́kọ́ di ohun tí ń lẹ̀, lẹ́yìn náà a di èédú, gẹ́gẹ́ bí epo ti ń gan mọ́ ara agbada alákàrà. Èéfín oje inú solder a sì tún wá bà lé e, a dì, a fi ìlẹ̀ kún ìlẹ̀. Nígbà náà ni píìnì inú oríkèé ṣéènì àti búṣìn tí ó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Àwọn ènìyàn a ní ṣéènì náà ti nà, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò nà rárá. Oríkèé rẹ̀ ni ó ti jẹ, díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àpapọ̀ rẹ̀ fi hàn. Bí ọ̀kan nínú ṣéènì méjèèjì bá sì ṣíwájú èkejì, bọ́ọ̀dù a wọ́, a máa ta gìrì bí ó ti ń lọ, ó sì lè já bọ́ sínú ìléru. Èyí tí ó burú jù ni gìrì tí ó bá bọ́ọ̀dù ní àkókò tí solder ń dì, nítorí ojú ìlẹ̀pọ̀ náà lè dán gbinrin lóde kí ó sì ti sán nínú, ẹni tí ó ra fóònù ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń lo epo àtọwọ́dá tí ooru kì í tètè bà jẹ́. PFPE ni ó lágbára jù nínú wọn, nítorí fluorine tí a so mọ́ ara rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn láti jẹ ẹ́. Owó rẹ̀ ga, kì í sì í bá epo mìíràn dàpọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fọ ṣéènì mọ́ pátápátá kí a tó yí sí i. Wọn a máa sá fún epo silicone, nítorí bí ó bá kan bọ́ọ̀dù, ọ̀dà tí a fi ń bo bọ́ọ̀dù kì í lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, epo púpọ̀ kò sì sàn ju àìsí epo lọ, nítorí yóò kán sórí bọ́ọ̀dù. Ìkán díẹ̀díẹ̀ ni, ní apá ibi tí ṣéènì ti ń padà bọ̀ ní òde ooru, sí àárín àwọn awẹ́ rẹ̀, kí epo lè fúnra rẹ̀ wọ́ lọ bá píìnì, nítorí èyí tí a pa sí ẹ̀yìn ṣéènì kò dé ibi tí irin ti ń jẹ irin. Bí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bá ti ń jáde ní oríkèé, epo kò dé ibẹ̀ mọ́. Kí a wọn ṣéènì náà, bí ó bá sì ti gùn kọjá ààlà, kí a pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí tuntun má baà máa bá ògbólógbòó rìn nínú iná.